Ojú-Ìwé Kan Tí Gbogbo Ìlú Kà

Wọ́n ti rọ kẹrosíìnì sínú garawa kí Tọpinpin tó dé. Ìwé ni wọ́n fẹ́ sun. Wọ́n kó wọn jọ síwájú ilé-ìkàwé ilé ìwé girama náà, wọ́n fi okùn dì wọ́n bí ẹni di igi ìdáná. Alága Ìgbìmọ̀ Òbí dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó ń yọjú wò bóyá ẹnì kan ti gbé fóònù sókè láti ya òun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága," ni Tọpinpin wí. "Kí lẹ fẹ́ dáná sun láàárọ̀ yìí?"

"Ìdọ̀tí ni, màdáàmù. Ìdọ̀tí paraku! Ẹ̀yin ọlọ́pàá la sì ń retí, kẹ́ ẹ wá gbé obìnrin tó ń fi í bọ́ àwọn ọmọ wa."

Tọpinpin kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìtọ̀ ọ́ dé gbòǹgbò. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá ti wọ yàrá tí èèyàn ti purọ́, imú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé kó lọ mú alábòójútó ilé-ìkàwé wá sí àgọ́, kó tètè padà, ọ̀rọ̀ náà ò le. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní kò le gan-an ni Tọpinpin máa ń jókòó tì.

"Ta ló wò ó tó ní ìdọ̀tí ni?" ó béèrè.

"Gbogbo ìlú! Àbí kò tíì dórí fóònù tiyín ni?"

Ó ti dé. Fóònù wo ni kò dé? Àwòrán ojú-ìwé kan ṣoṣo ni. Lójú-ìwé náà, ìyá kan ń ròyìn àwọn ọkùnrin tó ń gbà lálejò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń ròyìn ọ̀hún lọ́nà tí àgbà tó nítìjú kò lè kà sókè. Àwọn tó ń ṣépè fún un gan-an ló ń fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ará àti ojúlùmọ̀, kí àwọn náà lè rí nǹkan ṣépè fún. Bí ìdọ̀tí bá lẹ́sẹ̀, àwọn olùwẹ̀nùmọ́ ìlú ló ra bàtà fún un.

"Ẹ̀rí ni àwọn ìwé yìí," ni Tọpinpin wí. "Ẹ̀rí ọlọ́pàá kì í jóná. Sájẹ́ńtì, gbé garawa yẹn kúrò."

Sájẹ́ńtì tó tẹ̀ lé e, géńdé kan tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín, gbé garawa. Alága ń wo kẹrosíìnì rẹ̀ tó ń lọ bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀.

*

Ilé-ìkàwé náà kò ju kíláàsì méjì tí wọ́n wó ògiri àárín wọn lọ. Bẹ́ńṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, fáànù kan ń yí pẹ̀lú ariwo lókè, àwọn pẹpẹ ìwé sì ní àlàfo bí ẹnu arúgbó tí eyín ti ká, nítorí àwọn tí wọ́n ti kó síta. Obìnrin tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Oníwèé jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan.

"Ṣé wọ́n wá mú mi ni, mà?"

"Mo kọ́kọ́ wá béèrè ni. Ìwé tí wọ́n ń pariwo lé lórí, ṣé ẹ kà á kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ?"

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Ìdí Màṣíìnì lórúkọ rẹ̀. Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn ló kọ ọ́. Ilé ìwé yìí náà ló ti jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi rà á fáwọn ọmọ." Ó gbé ojú sókè. "Mo fi ọmọ inú mi búra, mà, ojú-ìwé tí wọ́n ń pín kiri yẹn, mi ò rí i níbẹ̀ rí. Mo ń sọ ọ́, wọ́n ń bú mi. Wọ́n ti ní kí n má wọṣẹ́ mọ́. Ọkọ mi ò lè gba iwájú ilé ìgbàgbọ́ wa kọjá láìjẹ́ pé wọ́n na ìka sí i."

"Níbo ni ẹ̀dà tí wọ́n ti rí ojú-ìwé yẹn wà?"

"Ọwọ́ Ìyá Mímọ́ ni."

Orúkọ ìnagijẹ lèyí náà. Obìnrin tó ń jẹ́ ẹ ló dá a sọ ara rẹ̀. Òun ni ohùn rẹ̀ ga jù nínú ìgbìmọ̀ òbí. Nígbà tí Tọpinpin ránṣẹ́ pè é, ó wọlé tòun ti Alága, ó fi ìka méjì gbé ìwé náà dání nínú ọ̀rá bí ẹni gbé òkú eku.

Tọpinpin gba ìwé náà, ó ṣí i. Ó ní kí Sájẹ́ńtì tú okùn tó wà lára àwọn ẹ̀dà yòókù, kó kó díẹ̀ wọlé. Ó ṣí wọn síbi kan náà, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Nínú gbogbo wọn, ọmọbìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nípa tíṣà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò ọkùnrin kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀dà Ìyá Mímọ́ nìkan ló yàtọ̀.

Alága ló kọ́kọ́ pariwo.

"Ẹ ò rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Obìnrin yìí ti yọ ojú-ìwé ìdọ̀tí kúrò nínú àwọn tó kù!"

"Alága," ni Tọpinpin wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn lójú-ìwé tó ṣáájú, kẹ́ ẹ bá a bọ́ sí èyí tó kàn. Nínú àwọn tó kù, gbólóhùn ń bá gbólóhùn lọ bí omi. Nínú èyí tí ẹ fẹ́ torí ẹ̀ sun ilé, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ìwé tó funfun ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Wọ́n fi abẹ gé ewé kan kúrò, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn mọ́ kùkùté rẹ̀. Ìgbìmọ̀ odindi ló jókòó lé ìwé yìí lórí. Ta nínú yín ló ṣí òmíràn wò?"

Ìyá Oníwèé ti bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ó lè jẹ́ òun náà ló lẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Mímọ́ wí.

"Ó lè jẹ́ òun," ni Tọpinpin dáhùn. "Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà."

*

Ìwé náà ò nípọn. Tọpinpin jókòó sábẹ́ fáànù, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀.

Alága ló kọ́kọ́ wọlé. Táyà ló ń tà, ó sì lówó tó jẹ́ pé tó bá húkọ́, àwọn tíṣà á ní "ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Ṣé ẹ ka ìwé náà?"

"Láti páálí dé páálí!"

"Ibi tí kìnnìún ti pa dókítà yẹn ńkọ́? Ṣé ó ká yín lára?"

Alága mi orí, ó pòṣé. "Ó dùn mí dé mùdùnmúdùn egungun. Ṣé irú ìyẹn ló yẹ kí ọmọdé máa kà? Ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀!"

"Kò sí kìnnìún níbẹ̀, Alága. Kò sí dókítà. Ẹran tó tóbi jù nínú ìwé náà, adìyẹ ni."

Sájẹ́ńtì yára kọjú sí fèrèsé. Alága fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò wálẹ̀.

"Màdáàmù, mo ń ta táyà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Bí táyà bá ti jò, mi ò ní láti jẹ ẹ́ tán kí n tó mọ̀."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń yí i wò. Èyí, ẹ gbọ́ pé ó jò lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ wá fẹ́ sun mọ́tò tòun ti dírẹ́bà. Ẹ lọ kọ tiyín sílẹ̀."

Ìyá Mímọ́ ló tẹ̀ lé e. Òun ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n bi òun.

"Ọmọ mi ló gbé ìwé yẹn wálé! Ọmọ mi! Ṣé èmi tí mo bí i ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń kà?"

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́, gidi gan-an. Tẹ́ ẹ bá kà á, tẹ́ ẹ ní kò dáa, mo máa jókòó tì yín, a ó jọ jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ wo ni ìyá inú ìwé náà ń ṣe?"

"Iṣẹ́ aṣẹ́wó! Gbogbo ayé ló mọ̀."

Tọpinpin yí ẹ̀yìn ìwé sí i. Àwòrán màṣíìnì ìránṣọ ló wà níbẹ̀, ó gba gbogbo páálí ìwé náà gbàgàdà, obìnrin kan sì tẹ̀ba sórí rẹ̀, òwú wà láàárín eyín rẹ̀.

"Aránṣọ ni," ni Tọpinpin wí. "Wọ́n yà á síta fún àwọn tí kò ní ráyè ṣí i. Ta ló fún ọmọ yín ní ìwé yìí?"

"Ilé ìwé ni. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe obìnrin yẹn?"

Ó jáde, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Tọpinpin mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti bá olè jókòó, ó ti bá apànìyàn jókòó, kò sì bínú tó báyìí rí. Olè tiẹ̀ máa ń mọ ohun tó jí. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ pa ohun tí wọn ò mọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ìlú máa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ọ̀gá Àgbà ilé ìwé náà ló wọlé kẹ́yìn. Àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun nini, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Èdè Yorùbá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ṣì máa ń wọ kíláàsì. Ó kí Tọpinpin dáadáa, ó sì dúró kí wọ́n ní kó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe obìnrin yẹn ní èṣe," ó wí. "Kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n sun ìwé kankan, ìgbìmọ̀ ló borí mi. Kí wọ́n kàn rọra kó o kúrò nílẹ̀, ó ti tó."

"Bàbá, ṣé ẹ kà á?"

"Mo kà á. Obìnrin náà mọ ìtàn sọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ọmọ ti darí wálé tó bá ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó wá ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́… Ó wọ̀ mí lára."

Ara Tọpinpin fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Látàárọ̀, ẹni tó mọ ohun tó ń sọ nìyí. Nínú gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn ọmọ ń kọ orin ilé ìwé wọn, wọ́n ń múra ọjọ́ ẹ̀bùn sílẹ̀. Ohùn wọn wọlé gba ojú fèrèsé:

*Ẹsẹ̀ wa ń rìn, a ò kúrò lójú kan,*
*Ohun tó ya sí méjì ti padà di odidi.*

Ọ̀gá Àgbà ń fi ìka lu orí tábìlì bí orin náà ṣe ń lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Orin tó dùn ni," ni Tọpinpin wí. "Ẹsẹ̀ ń rìn, a ò kúrò lójú kan. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, Bàbá?"

"Ìdúróṣinṣin ni. Ká máa ṣiṣẹ́, ká má sì kúrò lórí òtítọ́. Èyí tó ya sí méjì, ìṣọ̀kan nìyẹn. Èmi ni mo ṣe é, nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́."

Wọ́n ti kun orúkọ rẹ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn náà lábẹ́ orin ọ̀hún, Tọpinpin rí i nígbà tó ń wọlé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní bébà àti bírò.

*

"Ọ̀gá mi, Ìyá Mímọ́ ni," ni Sájẹ́ńtì wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé wà. Òun ló sì ń jẹ èrè ariwo náà. Bí kì í bá ṣe òun, á jẹ́ pé Ìyá Oníwèé ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ pa ara rẹ̀ lè fi abẹ gé ọrùn, kì í fi gé ìwé," ni Tọpinpin fèsì. "Wá wo ojú-ìwé ìdọ̀tí yìí. Níbí, wọ́n ní ìyá náà dúró lẹ́bàá fèrèsé tí wọ́n fi aṣọ àpò dí. Fèrèsé yẹn, ẹ̀yìn ìwé pátápátá lo ti máa kà nípa rẹ̀. Níbí náà, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń kólòlò. Orí tó gbẹ̀yìn ni akólòlò yẹn ti yọjú. Ẹni tó kọ ọ́ ti ka ìwé náà tán, ó sì kà á fínnífínní. Nínú gbogbo àwọn tó ń pariwo, ta ló kà á?"

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. "Alága ka ti kìnnìún."

"Ìyá Mímọ́ ò tiẹ̀ wo páálí ẹ̀yìn. Ọwọ́ àwọn tó ń pariwo mọ́. Ẹni méjì ló kù. Wá wo nǹkan mìíràn." Ó ṣí ojú-ìwé gidi kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayédèrú. "Kí lo rí?"

"Ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ni, mà."

"Wo orí àwọn lẹ́tà."

Sájẹ́ńtì tẹ̀ba. Atẹ̀wé tó tẹ ìwé aránṣọ náà ò ráyè àmì ohùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí àwọn lẹ́tà mọ́ fóńfó bí orí ìkókó. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé ìdọ̀tí, àmì ohùn ló kún un. Òkè, ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó ṣì, kò sí èyí tó fò.

"Nínú gbogbo ìwé náà," ni Tọpinpin wí, "ojú-ìwé ọ̀bùn nìkan ni Yorùbá rẹ̀ yege. Ẹni tó kọ ọ́ ò lè ṣe é kó má fi àmì sí i. Ó ti mọ́ ọn lára, bí ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ń kọ ìsọkúsọ, ó tún ń ṣọ́ kó má gba òdo nínú ìdánwò."

Ó tẹ́ àwọn ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ti Alága ò ju ìlà kan lọ, bí ó sì ṣe sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́, wúruwùru. Ti Ìyá Mímọ́ kún fún àmì ìyanu, kò sí àmì mìíràn. Ti Ìyá Oníwèé já gaara, ṣùgbọ́n kò fi àmì kan ṣoṣo sórí lẹ́tà. Ti Ọ̀gá Àgbà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló dé fìlà.

Ẹ̀rín kúrò lójú Sájẹ́ńtì. "Bàbá jẹ́jẹ́ yẹn? Òun ló ń bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin náà! Kí ni ìwé ṣe é?"

"Ibi tí mo ti fẹ́ kó o bá mi ronú nìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ìdọ̀tí sínú ìwé, ewé èyíkéyìí ló lè gé. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí ló gé? Kà á sókè."

Sájẹ́ńtì mú ẹ̀dà mìíràn, ó ń kà díẹ̀díẹ̀:

"'Mo ń wo ẹsẹ̀ ìyá mi lórí màṣíìnì àti ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ tó fàya. Mo fi ohun tí mo rí ṣe orin. Tíṣà mi gbọ́ ọ, ó ní kí n tún un kọ, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kò pẹ́, gbogbo ilé ìwé ń kọ ọ́, wọ́n ní tíṣà ló ṣe é. Mo ní èmi ni mo ni ín. Wọ́n gbé mi síwájú gbogbo ọmọ, wọ́n nà mí, wọ́n ní mo ń purọ́ mọ́ àgbà. Tíṣà mi ló di ọwọ́ mi mú.'"

Ó yí ojú-ìwé náà wò. "Kò kọ orin náà síbẹ̀."

"Kò kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀. Ṣùgbọ́n, Sájẹ́ńtì, ẹsẹ̀ ta ló máa ń rìn láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí kì í kúrò lójú kan?"

Sájẹ́ńtì ń wo páálí ìwé náà, ó ń wo obìnrin tó tẹ̀ba sórí màṣíìnì, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ aránṣọ!"

"Ohun tó ya sí méjì tó padà di odidi, aṣọ ni. Kò sí ìdúróṣinṣin kankan níbẹ̀. Lọ bá mi pe aránṣọ tó kọ ìwé yìí wá."

*

Gbogbo wọn ló tún pé jọ sí ilé-ìkàwé. Aránṣọ náà wọlé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, fọ́nrán òwú lára búbà rẹ̀. Obìnrin tó ti ń dàgbà ni, ó sì sọ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Kò wo Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà náà ò wò ó.

Tọpinpin ò rojọ́ gùn. Ó ka ojú-ìwé tí wọ́n gé kúrò sókè. Lẹ́yìn náà, ó sọ àwọn ìlà méjì orin ilé ìwé náà bí ẹni sọ̀rọ̀ lásán, láìfi ohùn orin sí i.

Ìyá Oníwèé ló kọ́kọ́ yé. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó yé Ìyá Mímọ́ tẹ̀ lé e. Alága ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un kà.

"Bàbá," ni Tọpinpin wí, "ojú-ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìwé yìí, àmì ohùn rẹ̀ péye. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bébà tí ẹ kọ fún mi lónìí. Ẹ kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní àmì ohùn, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n tó yín."

Ọ̀gá Àgbà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, kò fi í padà sójú.

"Orin ọmọdé lásán ni," ó wí níkẹyìn. "Kò tíì pé. Èmi ni mo tún un ṣe."

"Ẹ fi 'wa' sẹ́yìn 'ẹsẹ̀,'" ni aránṣọ náà wí. "Èkejì, ẹ fi orúkọ yín sísàlẹ̀. Àtúnṣe yín ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àlàáfíà! Nígbà tí mo ka ìwé yìí, mi ò sùn mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọmọ tó gbé e dání, àyà mi á já. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n kó o kúrò kí wọ́n má bi mí pé kí ló dé. Mo mọ̀ pé tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan."

"Wọn ò sì bi yín," ni Tọpinpin wí. Ó wo Alága, ó wo Ìyá Mímọ́. "Ẹ mọ àwọn èèyàn yín."

Ìyá Mímọ́ dìde fùú. "Ọmọ mi sọ fún mi! Ó ní Ọ̀gá Àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìwé náà fún òun. Mo rò pé ó ń purọ́ láti gba Ìyá Oníwèé sílẹ̀ ni, mo gbá a létí!" Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi tóbi, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rán ìwé náà wá sílé mi!"

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀, ó jókòó, ó dákẹ́.

Aránṣọ náà wá yíjú sí àgbàlagbà tó ti jẹ́ tíṣà rẹ̀ rí.

"Mi ò dárúkọ yín," ó wí, kò sì gbé ohùn sókè. "Mi ò dárúkọ ilé ìwé yìí. Mi ò kọ orin náà síbẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè kúrò láyà mi. Ẹ̀yin nìkan láyé yìí lẹ lè kà á, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ká ní ẹ pa ìwé dé ni, Bàbá, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ títí ẹ ó fi wọlẹ̀."

Sájẹ́ńtì rọra fọwọ́ kan èjìká Ọ̀gá Àgbà. Bàbá dìde, ó tún ara rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ wọ kíláàsì, wọ́n jọ jáde lọ. Tọpinpin ń wò ó lọ, ohun tó sì bí i nínú jù ni pé nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwé kíkà nílùú náà, olè nìkan ló mọ ìwé kà.

Alága húkọ́.

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Nǹkan kan ló kù: orin yẹn. Nígbà tó jẹ́ pé orin tí wọ́n jí ni, mo dábàá pé ká fòfin dè é."

Ìyá Mímọ́ pàápàá wò ó. Aránṣọ náà pòṣé, ó ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Oníwèé nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì padà sórí pẹpẹ. Tọpinpin gba ẹ̀dà tí wọ́n bà jẹ́, ó ní ìyẹn nìkan ni òun máa mú lọ fún ẹ̀rí. Kí àwọn tó kù máa ṣiṣẹ́ wọn. Ìyá Oníwèé dúpẹ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìkàwé gbayawu.

Àwọn ọmọ ti wà níta. Wọ́n ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ńlá àti kékeré, àwọn tí kì í ka ìwé rí pàápàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sun ún, kò sí ọmọ tí kò fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Alága súnmọ́ Ìyá Oníwèé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọ̀kan síbẹ̀. Mo fẹ́ lọ gbé e yẹ̀wò nílé… nítorí iṣẹ́ ìgbìmọ̀."

Ìyá Oníwèé wò ó tìyanutìyanu. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí ìparí ìlà náà, lọ́hùn-ún réré.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "ẹ lọ tò sẹ́yìn."

Tọpinpin ò kúrò ní ọgbà náà títí ó fi rí i pé Alága tò.